Ẹni Tó Bá Gbẹ̀yìn Ni Kó Ti Ilẹ̀kùn

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí ọjà Olódò láti ra iná kékeré kan tó ń gba agbára lára oòrùn, nítorí ó ti rẹ̀ mí láti máa dúró de iná mànàmáná. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á gbé ọ̀kan lé mi lọ́wọ́, ó fi ìka kan án gbà-gbà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí máa outlast ẹ̀yin gan-an."

Obìnrin tó ń ta wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pariwo. "Ìwọ ọmọ yìí! Kí lo sọ sí ìyá oníyàá yẹn?"

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu. Mo rẹ́rìn-ín, mo san owó, mo ní kó má dààmú ara rẹ̀. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn: iná náà yóò pẹ́. Ká ní Yorùbá ló fẹ́ fi sọ ọ́ ni, ẹnu rẹ̀ ì bá má gbà á. Ta ni yóò dúró níwájú àgbà tí yóò ní, "Iná yìí á gbẹ̀yìn yín"? Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ kó rọrùn fún un.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń padà síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ohun tí ìyá méjì fi ń bá ara wọn jà nílé wa nìyẹn, kí n tó mọ̀ pé àwọn òyìnbó ní orúkọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, kó tó rẹ̀ mí jù láti sọ ọ́.

Abà wa wà lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Bí ọkọ̀ bá já èèyàn sí títì, ẹsẹ̀ ló kù, láàárín oko kòkó tó ti darúgbó àti oko ẹ̀gẹ́ tí igbó ń bá du ilẹ̀. Ìgbà tí àwọn sọ́jà ṣì ń ṣèjọba ni mò ń wí, tí bàtà rọ́bà ṣì jẹ́ bàtà ọdún. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ọlọ́runṣògo nínú Ìbàdàn. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyá mi àti àwọn àbúrò mi fún mọ́, nítorí náà wọ́n fi mí sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi lábà kí n máa lọ sílé ìwé níbẹ̀.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni ilé wa. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà débi pé àwọ̀ rẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ tó yí i ká ti di ọ̀kan náà. Bí èèyàn bá wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ni yóò bá, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Yàrá méjì tó wà níwájú kọjú síra wọn. Ọ̀kan jẹ́ ti Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi. Èkejì jẹ́ ti Ìyá Kékeré, ìyàwó tí bàbá bàbá mi fẹ́ lé Ìyá Àgbà. Ìyá Kékeré yìí ga, ó sì sanra, nígbà tí Ìyá Àgbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Àlejò tó bá wá kí Ìyá Àgbà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ìyá Kékeré ló máa ń dọ̀bálẹ̀ fún, ẹni tí wọ́n ṣì kí yìí á rẹ́rìn-ín, ẹni tó ni ìkíni á sì fajú ro títí di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tó sọ lórí àìsàn kò bá a lọ. Wọ́n ní nígbà tó rí i pé òun kò ní dìde mọ́, ó pe ìyàwó rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ẹ má bá ara yín jà. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn nínú yín ni kó ti ilẹ̀kùn, kí ewúrẹ́ má baà sọ ilé mi di tiwọn." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni bàbá òun ń sọ, torí ó kórìíra ewúrẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ ewúrẹ́. "Ẹni tó bá gbẹ̀yìn" ni wọ́n gbọ́.

Ìyá Àgbà ń ṣe làfún. Orí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìnkùlé ló máa ń sá a sí. Ìyá Kékeré ń ṣe àdín, òróró dúdú tí wọ́n ń sè lára ekuro, èéfín rẹ̀ sì nípọn bí ìkùukùu. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí padà báyìí, orí làfún ló ń gbà lọ.

"Ìyàwó, o tún ti sọ làfún mi di èédú!"

"Èmi kọ́ ni mò ń darí afẹ́fẹ́, ìyálé mi. Ẹ lọ bá Ọlọ́run sọ ọ́."

"N ó gbẹ̀yìn rẹ nínú ilé yìí!"

"Ẹ ò lè gbẹ̀yìn mi, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni n ó ti ilẹ̀kùn."

Bó ti wù kí inú bí Ìyá Kékeré tó, kò jẹ́ fi "ìwọ" pe ìyálé rẹ̀ láé. "Ẹ" ló fi ń jà, "ẹ jọ̀ọ́" ló sì fi ń bú u. Bí wọ́n bá ti pe ìrun àṣálẹ́, ìjà á dáwọ́ dúró. Àwọn méjèèjì á gbé búútà wọn, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á sì lọ dúró sí ìlà kan náà lẹ́yìn àwọn ọkùnrin nínú mọ́sálásí, èjìká kan èjìká, bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá dé, tí iyọ̀ tán lọ́dọ̀ ọ̀kan, èmi ni wọ́n á rán lọ bu ti èkejì. Kò sí ẹni nínú wọn tó máa gbà pé òun ló rán mi.

Ilé ìwé wa kò jìnnà. Tíṣà wa jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìyànà Ọ̀fà, tí ẹfun ìkọ̀wé ti sọ àpò ẹ̀wù rẹ̀ di funfun pátápátá. Lọ́jọ́ kan ó ń kọ́ wa ní àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí "out" ṣáájú wọn. "Outrun": kí o sáré ju ẹlòmíràn lọ. "Outgrow": kí o dàgbà kọjá aṣọ rẹ. Lẹ́yìn náà ó kọ "outlast". Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí nǹkan pẹ́ ju nǹkan mìíràn lọ, tàbí kí ẹnì kan ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí èkejì ti lọ. Ó fi bàtà ṣe àpẹẹrẹ: "Rubber shoes outlast leather shoes on our road." Gbogbo wa wo ẹsẹ̀ ara wa. Àwọn tí kò wọ bàtà rárá ni wọ́n rẹ́rìn-ín jù.

Ó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà ṣe gbólóhùn. Èmi kò tilẹ̀ ronú. Mo kọ ọ́ wàrà: "My grandmother wants to outlast her junior wife."

Tíṣà kà á, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀. "Ṣé ìyá rẹ àgbà ló fẹ́ ìyàwó ni?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìyàwó ni wọ́n ń pè é, sà." Ó bá mi tún un ṣe, ó ní òyìnbó kì í pe orogún ẹni ní ìyàwó ẹni. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí gbogbo wa. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ kan ṣì kù. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí kì í dá dúró. O ò lè sọ pé 'I outlast' kó o sì dákẹ́. O gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tàbí ohun tó o gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá sí ẹnì kejì, ọ̀rọ̀ náà kò délé." Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé gírámà lásán ni.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Àgbà ń yí làfún lórí àpáta, Ìyá Kékeré sì ń pa ekuro lábẹ́ igi lápá kejì.

"Ìyá," ni mo wí fún Ìyá Àgbà, "òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan fún kéèyàn gbẹ̀yìn ẹlòmíràn."

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

"Outlast."

"Áòtí-láàsì." Ó tọ́ ọ wò lẹ́nu bí ọbẹ̀. "Ó le díẹ̀. Ṣé àwọn òyìnbó náà máa ń ní orogún ni?"

Ìyá Kékeré kò gbójú sókè kúrò nídìí ekuro rẹ̀. Ó ní, "Bí wọn ò bá ní orogún, kí ni wọ́n ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe?"

Ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí mo gbọ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ìjà wọn di ti alákọ̀wé. "N ó áòtí-láàsì rẹ!" "Ẹ ò lè áòtí-láàsì mi, ẹ jọ̀ọ́!" Àwọn ará abà á máa rẹ́rìn-ín, àwọn náà á sì máa fi ìgbéraga wo ara wọn.

Ṣùgbọ́n abà náà ń tán lọ. Kòkó kò so dáadáa mọ́. Ìdílé kan á kó lọ sí Olódò, òmíràn á kó lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, koríko á sì bo ẹnu ọ̀nà wọn kí òjò kejì tó rọ̀. Lẹ́mọ́mù wa kó tẹ̀ lé àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá mi ń wá, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jẹ́ ká jọ lọ sí ìlú. Ìyá rẹ̀ á ní kí Ìyá Kékeré kọ́kọ́ lọ ná. Ìyá Kékeré ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Àǹtí Sìdí, tó ń ta abọ́ oníke ní Olódò. Òun náà ń wá, ó ń bẹ ìyá tirẹ̀. Ìyẹn náà á ní kí ìyálé òun kọ́kọ́ lọ. Àwọn ọbàkan méjì yìí á jáde síta, wọ́n á mirí, wọ́n á pín ẹ̀pà sísun jẹ, oníkálukú á sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, igi gún Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀ lóko. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ó fi ewé dì í, ó fi omi gbígbóná jó o, ẹsẹ̀ ṣáà ń wú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nọ́ọ̀sì kan tó wá wò ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá òun, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ńlá nínú Ìbàdàn, torí bí wọ́n bá fi falẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè pa á. Bàbá mi wá, ó gbé ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí etí títì. Ìyá Àgbà di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Bí mo bá jáde lónìí, mi ò ní wọlé mọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni yẹn á wá ti ilẹ̀kùn lé ẹrù mi lórí."

"Ìyá, ẹsẹ̀ yín ń jẹrà!"

"Kó máa jẹrà nínú ilé ọkọ mi."

Bàbá mi, tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀, jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú ilé, ó sì sunkún bí ọmọdé. N kò tíì rí i kó sunkún rí. Ìyá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tirẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá mi nìkan ló padà sí Ìbàdàn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìró àpótí tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ló jí mi. Ìyá Kékeré ti di ẹrù rẹ̀: ìkòkò, ẹní, aṣọ, búútà. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá wa, ó kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kanlẹ̀, nítorí ara rẹ̀ tóbi.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ jíire?"

Ìyá Àgbà wo ẹrù náà. "Ibo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Sìdí ni, l'Ólódò."

"O ń lọ kí i?"

"Mò ń lọ ni. Mi ò padà mọ́. Ẹ ti gbẹ̀yìn mi, ìyálé mi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn."

Ìyá Àgbà ní, "Ta ló lé ọ?"

"Kò sẹ́ni tó lé mi. Ó rẹ̀ mí ni."

Èmi ni mo bá a ru ẹní rẹ̀ dé títì. Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀, ó jókòó lórí àpótí, ó ń mí hẹlẹ. Mo bi í pé ṣé kò wù ú láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ni. Ó nawọ́ sí ọ̀nà abà tí a gbà wá, ó ní:

"Kí ni n ó fi ilẹ̀kùn ṣe bí ìyálé mi kò bá sí nínú ilé? Ìjà yìí ti gbó ju èmi fúnra mi lọ, ọmọ mi. Bí mo bá dúró, ẹsẹ̀ yẹn á pa á, ojú mi ni yóò sì ṣe. Jẹ́ kó borí, kó lè lọ gba ìtọ́jú."

Ọkọ̀ dé. Wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó tó lè wọ inú rẹ̀. Kò wẹ̀yìn.

Mo rò pé n ó padà bá Ìyá Àgbà tí inú rẹ̀ ń dùn. Mo bá a lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tó wú náà síwájú, ó ń wo inú yàrá òdìkejì. Ìyá Kékeré ti gbá yàrá náà mọ́ fínní kó tó lọ, ipa ọwọ̀ ṣì hàn nílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kò sí èéfín lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí oòrùn yí, Ìyá Àgbà ní kí n bu làfún díẹ̀ wá fún òun. Ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó títí.

"Ó funfun jù," ló wí, ó sì gbọ̀n ọ́n dànù.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n lọ ránṣẹ́ pe bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi dé, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ kò tètè wọ ihò rẹ̀; bàbá mi fẹ́ bá a dì í mú, ó ní kó fi òun sílẹ̀. Nígbà tó tì í tán, ó dúró níbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, a sì gba àárín kòkó lọ sí títì.

Ó pẹ́ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n wọn kò gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀dọ̀ wa ní Ọlọ́runṣògo ló ń gbé lẹ́yìn náà, tó ń fi ọ̀pá tiro. Ìyá mi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Ohunkóhun tí Ìyá Àgbà bá sọ, "Ẹ ṣé, mà" ni yóò fi dá a lóhùn. Ìyá Àgbà fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn mí: "Èèyàn ò tiẹ̀ lè bá obìnrin yìí jà." Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Àwọn ará Olódò ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Èéfín àdín yẹn kò ba ojú wọn jẹ́?" Mo rò pé gbogbo ilé Àǹtí Sìdí ló ń béèrè, àfi ìgbà tó dárúkọ èéfín. Ìyá Kékeré ló ń fi "wọn" pè.

A gbé e lọ kí i. Ìyá Kékeré tún fẹ́ kúnlẹ̀, Ìyá Àgbà ní, "Dìde jàre, kí eékún má baà dá ọ dúró síbẹ̀." Wọ́n jókòó lórí ẹní kan náà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ṣì ń ṣe àdín?"

"Mo ti fi sílẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní èéfín ń pa àwọn."

"Wọn ò purọ́."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mú Àǹtí Sìdí sáré jáde láti ilé ìdáná, ó rò pé wọ́n ti ń jà.

Ìyá Kékeré ló kọ́kọ́ kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àbúrò. Ibà ni, nígbà ọyẹ́, kò sì pẹ́. Mo ti wà nílé ìwé girama nígbà náà. Níbi fídáù rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ti abà wa wá fẹ́ fi Ìyá Àgbà dápàárá. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú oríire o. Ẹ̀yin náà lẹ gbẹ̀yìn."

Ìyá Àgbà wò ó títí tí ẹ̀rín fi kúrò lójú bàbá náà. "Ta ni n ó wá sọ ọ́ fún?"

Ibẹ̀ ni gírámà tíṣà wa tó yé mi.

Ó tún pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Bó bá ń sọ ìtàn abà fún wa, á dé ibì kan, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní, "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Kò sí ẹni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òun nìkan ló kù tó mọ̀ bí Bàbá Àgbà ṣe ń hanrun, òun nìkan ló mọ orúkọ ajá wọn. Ó máa ń sọ pé òun ti pẹ́ lọ́jà jù, àtẹ ti kúrò nílẹ̀ tán. Nígbà tó lọ, ojú oorun ló gbà lọ, a kò sì pariwo.

Abà náà kò sí mọ́. Àwọn onílẹ̀ ti pín in, òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí wọ́n fi pààlà ló wà káàkiri níbẹ̀, wọ́n ti fọ́ àpáta wa kọ́lé. Mo wá ibi tí ilé wà, n kò rí i. N kò ní tàn yín jẹ kí n sọ pé ilé olórogún dára. Ẹkún tó wà níbẹ̀ ju ẹ̀rín lọ, ó sì rẹ àwọn tó gbé inú rẹ̀ kí wọ́n tó darúgbó.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, mo máa ń fi ọkọ̀ gbé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Sìdí. Àwọn méjèèjì ti di arúgbó. Etí ọ̀kan kò gbọ́ràn mọ́, ẹ̀yìn èkejì kò ṣeé bẹ̀rẹ̀ mọ́. Àǹtí á bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ bàtà, á bu omi tútù fún un, wọ́n á sì jókòó sórí àga méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Oorun á gbé ọ̀kan, á gbé èkejì. Èmi á jókòó tì wọ́n, n kì í jí wọn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lajú nínú wọn, kò ní béèrè omi, kò ní béèrè aago. Á yíjú sí àga kejì, á sì wo àyà ẹni tó wà níbẹ̀ títí á fi rí i pé ó ń mí.